Ta Ló Ń Jí Ọ́ìlì Mọ́tò Àbdùlgàfár?

Àgbádárìgì,
Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, ọdún 2024.

Zulaikha ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọjà ń tà ní Abidjan? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, a ò lè dúpẹ́ tán.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà lo rí, tí kì í ṣe fóònù. Dókítà ló ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé mi ò gbọdọ̀ pariwo mọ́. Mo ní kò burú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo gbé fóònù, mo kí ẹnì kan ní Imeke, ni àwọn aládùúgbò bá sáré jáde, wọ́n ní ta ló kú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ẹni tó jìnnà sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jìnnà, a máa ń ké sí i ni. Mo ti wá ti fóònù mọ́ inú àpótí, bírò ni mo mú dání báyìí. Akínlóyè, dírẹ́bà tó ń kó èrò láti Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Abidjan, ló máa bá mi gbé lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Olè wà nínú ilé yìí.

O rántí mọ́tò mi, èyí tí mo rà ní Kutọnu nígbà tí o ṣì ń fà nílẹ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí ẹnì kan ti ń jí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Màá da ọ́ìlì sí i, á kún dé ojú àmì lára gééjì tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Kí n lọ sí Ikoga kí n tó dé, ó ti lọ sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀ ibi tí mo ń gbé e sí, ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ kò tó èyí tí èèrà lè rì sí. Ẹ̀rí tó dájú tí mo ní ni gééjì. Nígbàkúùgbà tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo máa ń bá a pé ó ti yọ jáde nínú ihò rẹ̀. Gééjì kò sì ní ẹsẹ̀. Mo fi ṣéènì àti àgádágodo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa. Nígbà tí mo tún ṣí i, gééjì ti tún jáde. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé olè náà ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá sì lè rí kọ́kọ́rọ́ mi, tí kì í bá ṣe ará ilé, àna ilé ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé Sewanu, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, ní ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ẹ́ńjìnnì ní Gberefu, òdìkejì ọ̀sà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń mu ọ́ìlì. Ó máa ń yà kí wa tó bá wá ná ọjà. Lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mi, ó ní òun ń wo nǹkan tó ń mí fù-ù níbẹ̀. Mo wá rọra bi í, níwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí tó jókòó, mo ní, “Dáà,” bí àwọn Ègùn ṣe ń pe àgbà wọn, “ṣé ọ̀dọ̀ yín ni ọ́ìlì mi ń gbà lọ?” Ìbéèrè lásán ni. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ìyá rẹ náà di ẹrù, ó tẹ̀lé e wọ ọkọ̀. Ó ní òun ń lọ kí àwọn ará ilé òun. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹta báyìí tó ti ń kí wọn.

Èmi ni mò ń tẹ ẹ̀bà fúnra mi, ó sì ń ní kókó. Bá mi wá àgádágodo ńlá kan láàárín àwọn Faransé, èyí tí Ègùn kò lè ṣí. Láti Iléyá èṣí la ò ti rí ẹsẹ̀ rẹ ní ìlú yìí. Ṣé nítorí pé o ti ń gbọ́ Faransé ni?

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlgàfár.


Adjamé, Abidjan,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Wà àlékùmù sàlámù. Ara wa le, àwọn ọmọ ń kí yín, ọkọ mi náà ń kí yín. Ẹ kú ìnáwó ojú ìwé, ẹ kú ọwọ́ ríro.

Bàbá, ẹ kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa ọ́ìlì, ẹ wá fi ìlà méjì sọ fún mi pé ìyá mi kò sí nílé. Ìyá mi kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Ó bínú lọ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ pè lólè níwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí, ẹ wá ní ìbéèrè lásán ni. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún mi ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi pé bí àna ẹni bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́, a ó dọ̀bálẹ̀ fún un? Dáà Sewanu kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Òun ló ń gbé ẹja wá fún yín láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kí ni ó kù tó fẹ́ fi ọ́ìlì yín ṣe?

Ẹ gbọ́, Bàbá. Iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ̀yà ara mọ́tò àlòkù ni mò ń tà. Ojoojúmọ́ ni àwọn awakọ̀ ń wá sí ìsọ̀ mi pé ẹ́ńjìnnì àwọn ń mu ọ́ìlì, mi ò tíì rí èyí tó fa àna rẹ̀ wá pẹ̀lú rẹ̀. Mọ́tò tó bá ti dàgbà lè máa mu ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Á jó o mọ́ epo, á gba sáláńsà bá èéfín jáde, ẹ ò sì ní rí ẹ̀kán kan nílẹ̀.

Ẹ bá mi wo èéfín náà. Ṣé ó ní àwọ̀ búlúù? Tó bá jẹ́ pé àárọ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣáná sí i nìkan ló ń yọ, àwọn síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lórí ẹ́ńjìnnì, ló ti gbó. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹná ni, ó lè jẹ́ ríìngì, òrùka irin tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Ẹ́ńjìnnì máa ń mí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn rẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà, afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Rọ́bà kan wà lórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbé e lọ síbi tí mọ́tò ti ń fa afẹ́fẹ́ símú, fááfù kékeré kan ló wà lẹ́nu rọ́bà náà. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, wàhálà dé.

Ẹ pe Múyìwá, mẹkáníìkì yín. Kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kó ṣí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kó fi ọ̀rá bo ojú ihò náà, kó di etí rẹ̀ mú. Tí ọ̀rá bá fà wọlé díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń mí dáadáa. Tó bá wú, ẹ sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, Múyìwá ni kó ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin.

Mi ò fi àgádágodo ránṣẹ́. Atiéké ni mo fi rán Akínlóyè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará ibí ń jẹ. Ó ti jinná tẹ́lẹ̀, kò lè ní kókó. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ wá lọ bẹ ìyá mi.

Ọmọ yín,
Zulaikha.


Àgbádárìgì,
Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Zulaikha ọmọ mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọlọ́hun á gbà á lọ́wọ́ wa. Atiéké rẹ dé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣe gàrí tán tí wọ́n wá gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo jẹ ẹ́ tán ṣá.

A ti dán ohun tí o sọ wò. Nígbà tó jẹ́ pé iwájú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, mo ní iwájú wọn náà ló gbọ́dọ̀ parí sí. Mo gbé mọ́tò náà dé iwájú wọn, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó yí i ká bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Múyìwá ṣáná sí i, ó fi ọ̀rá búrẹ́dì bo ojú ihò náà. Zulaikha, ọ̀rá yẹn wú. Ó wú bí àpòòtọ̀ ẹran Iléyá tí àwọn ọmọdé ń fẹ́. Àwọn àgbà ń sún mọ́ ọn, èmi náà sún mọ́ ọn. Ìgbà tó máa bẹ́, ó ta ọ́ìlì sára gbogbo wa, aṣọ funfun tó wà níbẹ̀ di àdìrẹ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di méjì. Àwọn kan ní àlùjọ̀nnú ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kò sí àlùjọ̀nnú kankan, ṣùgbọ́n kí a tó mọ̀ bóyá olè ń bẹ, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá mọ́tò tó ń fa èéfín báyìí lọ́sàn-án ààwẹ̀ tọ́ fún aláàwẹ̀ láti wọ̀. Àríyànjiyàn náà wọ Láásárì. Wọ́n wá fẹnu kò pé mo lè máa gùn ún lọ, àmọ́ kí n má gùn ún wá sí mọ́ṣáláṣí.

Ní ti ìbéèrè rẹ, àwọ̀ búlúù ni èéfín náà, kì í mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Tí mo bá tẹná, àwọn tó wà lẹ́yìn mi kì í rí mi mọ́, wọ́n kàn ń gbúròó mi ni. Múyìwá ní ríìngì ni, àfi kí òun tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Mo bi í pé ríìngì wo ló lè ṣí àgádágodo.

Rọ́bà tí o sọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Rọ́bà tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ti já kúrò níbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń pọ èéfín àti ọ́ìlì bíi ẹni tí inú ń rìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó pọ̀ ọ́ sí jàlàbíà mi níṣojú Lèmọ́ọ̀mù. Mo ti pa á lẹ́nu mọ́ tipẹ́. Mo gbẹ́ èèpo àgbọn, mo gbá a wọ ẹnu rẹ̀, bí a ṣe ń dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì àdín àgbọn. Ìwọ náà mọ̀ pé tí àwa ará etí òkun bá dí nǹkan, ó dí nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì tí a dí báyìí lè dé Kutọnu lórí ọ̀kadà kó má jò. Láti ọjọ́ náà, rọ́bà kò tún ta sí mi láṣọ mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn gan-an ni olè wá bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe rọ́bà.

Mo ránṣẹ́ sí Gberefu pé tí Sewanu bá lè dá ọ́ìlì náà padà, mo ti forí jì í. Ìyá rẹ ló fèsì. Ó ní òun kò ní wọ ilé mi mọ́ títí ẹni tó pe ẹ̀gbọ́n òun lólè yóò fi wá bẹ̀ ẹ́ ní Gberefu, níwájú àwọn èèyàn òun. Ó mọ̀ dájú pé mi ò kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló sọdá lọ tọrọ rẹ̀, etí omi ni mo ti pàdé rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń wá, èmi kì í lọ. Ta ni kò mọ ìyẹn? Bá mi bá a sọ̀rọ̀, kó fi ọgbọ́n ṣe é.

Bàbá rẹ,
Àbdùlgàfár.


Adjamé, Abidjan,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí yín kú ìpalẹ̀mọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Mo ka lẹ́tà yín, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ mu omi nígbà tí oòrùn wọ̀, mo tún wá kà á. Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí mò ń rẹ́rìn-ín tí omi tún ń bọ́ lójú mi.

Kò sí olè, Bàbá. Ẹ lọ yọ èèpo àgbọn yẹn.

Ẹ fi ọwọ́ di imú àti ẹnu yín, kí ẹ wá sáré láti ilé dé etí omi. Ohun tí ẹ ṣe fún ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba rọ́bà jáde há mọ́ ọn nínú, ó wá ń ti gbogbo nǹkan. Ó ń ti ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ síìlì, ó ń tì í gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì gòkè lọ síbi tí iná wà, ibẹ̀ ló ti ń jó. Èéfín tí kì í jẹ́ kí ará ẹ̀yìn rí yín, ọ́ìlì yín nìyẹn. Gééjì tó ń jáde kò ṣẹ̀yìn afẹ́fẹ́ náà, òun ló ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ẹ ti àgádágodo mọ́ olè tó wà nínú ilé. Fù-ù tí Dáà Sewanu ní òun gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ló sọ. Ká ní ẹ jẹ́ kó wò ó tán ni, bóyá òun gan-an ni ì bá bá yín rí i.

Mo fi fááfù àti rọ́bà tuntun rán Akínlóyè. Kí Múyìwá yọ ti àtijọ́, kó mì ín létí. Tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ṣì wà láàyè. Tó bá dákẹ́, ẹ̀gbin ọ́ìlì ti dì í pa, òun ló sì jẹ́ kí rọ́bà máa pọ nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó fi tuntun sí i, kó so rọ́bà padà síbi tó yẹ. Mọ́tò yín ti dàgbà, á ṣì máa mu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n kò ní mu ún bí ẹni tí wọ́n ń lé mọ́.

Ẹni tó dí ẹnu rọ́bà náà, mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ torí òun ló bí mi.

Bàbá, ẹ má dúró de mọ́tò. Ẹ lọ sí Gberefu. Omi yẹn kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo pe Màámi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kí mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ọjà, kò dárúkọ yín rárá. Ìyá mi tó jẹ́ pé ká tó sọ ohun tó gbé wa dé orí fóònù, á ti kọ́kọ́ bú yín títí káàdì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀rù bà mí. Tí obìnrin bá ti dẹ́kun àtimáa bú ọkọ rẹ̀, ó ti ń gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì ń bínú.

Ọmọ yín,
Zulaikha.


Adjamé, Abidjan,
Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ṣé kò sí o? Ààwẹ̀ ti lọ, ọdún ìtúnu ti lọ, Iléyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín. Fóònù yín ṣì wà nínú àpótí. Ti Màámi kò lọ, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ní Gberefu. Tí mo bá ṣẹ̀ yín nínú lẹ́tà tí mo kọ, ẹ darí jì mí. Ọmọ lè sọ̀rọ̀ kó kọjá ààyè rẹ̀.

Akínlóyè ní òun fi fááfù àti rọ́bà lé yín lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ó wá sọ ohun kan fún mi lánàá tí mi ò lè gbàgbọ́. Ó ní gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́ pé àwọn apẹja rí mọ́tò kan tó ń lọ lórí ọ̀sà, tó ń fọn fèrè, tí bàbá kan tó wọ aṣọ funfun jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, tó wé gíláàsì sókè. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi, ìlà kan ṣoṣo náà tó. Ẹ kàn sọ fún mi pé ẹ wà láàyè, kí ẹ sì sọ fún mi pé ẹ̀yin kọ́.

Ọmọ yín,
Zulaikha.


Gberefu,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Zulaikha ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Èmi sì ni. Ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú ohun tí Akínlóyè sọ, torí aṣọ búlúù ni mo wọ̀.

Mo yọ èèpo àgbọn náà. Mo fi ẹnu bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́, mo fi pílíásì fà á, nígbà tó jáde, ẹ́ńjìnnì náà mí kanlẹ̀, hùn-ún, bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há. Múyìwá mi fááfù àtijọ́ létí mi, kò dún. Ó fi tuntun sí i. Mo gbé mọ́tò lọ sí Ikoga, mo gbé e bọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gééjì wà nínú ihò rẹ̀, ọ́ìlì wà níbi tí mo fi í sí. A dán ọ̀rá wò, ó fà wọlé díẹ̀ bí o ṣe sọ. Múyìwá pàtẹ́wọ́. Èmi jókòó sínú mọ́tò, inú mi kò dùn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wá olè, mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò wá sí olè mọ́, èmi nìkan ló kù níbẹ̀.

Mo lọ sí etí omi láti wọ ọkọ̀, bí o ṣe bẹ̀ mí. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ náà, ó mì, mo gbé e padà. Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì, kò yàtọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé níbo ni mo jókòó sí rí láyé yìí tí ẹ̀rù kò bà mí? Inú mọ́tò mi ni. Mo sanwó fún àwọn ọlọ́kọ̀, wọ́n so ọkọ̀ onígi ńlá méjì pọ̀, wọ́n tẹ́ pákó lé e lórí, a gbé mọ́tò gorí rẹ̀. Mo wọlé, mo wé gíláàsì, mo de bẹ́líìtì. Omi ń lọ sọ́tùn-ún, omi ń lọ sósì, èmi ń wo iwájú bí ẹni tó ń lọ sí Ikoga. Àwọn apẹja ní fàyàwọ́ ni, wọ́n ní àwọn onífàyàwọ́ ti wá gbọ́n jù. Mo ń fọn fèrè fún wọn kí wọ́n yà lọ́nà.

Gbogbo Gberefu ló jáde. A sọ mọ́tò kalẹ̀, táyà rẹ̀ sì rì sínú yanrìn títí dé ìdajì. Mo ṣáná sí i, mo jáde, mo fi ọ̀rá hàn wọ́n, mo gbé èèpo àgbọn sókè, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pé ẹni tó dí i ni olè, pé èmi ni mo dí i. Mo wá dọ̀bálẹ̀ fún Sewanu gbalaja nínú yanrìn, tèmi ti agbádá mi. Ó ní, “Ẹ dìde, àna. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ àbúrò mi, òní lẹ kọ́kọ́ wá sí ilé mi. Mọ́tò lẹ sì gbé wá. Ta ni mo fẹ́ bínú sí?” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sábẹ́ igi àgbọn. Ó ní, “Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, mo sì ti gbà á. Ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, bí ṣíbí bá sọnù, èmi Ègùn àti àwọn èèyàn mi lẹ kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ kì í sọ ọ́ jáde, ẹ kàn máa ń wò wá ni. Ọdún yìí lẹ wá là á mọ́lẹ̀. Ìwò yẹn ló ti sú mi, kì í ṣe ọ́ìlì.” Mo fẹ́ ní irọ́ ni, ni mo bá rántí bí mo ṣe ń wò.

Mo ní kò burú, màá dúró títí omi á fi kún, kí wọ́n lè wá gbé mọ́tò mi. Wọ́n fún mi ní yàrá kan. Ọkùnrin bíi tèmi, mo di ẹni tó ń gbé ilé àna. Mo ń bá wọn bó àgbọn. Mọ́tò wà níbi tó wà, adìyẹ ti ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn, Sewanu sì máa ń wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, á wo gééjì, á ní ọ́ìlì pé. Èmi kì í dá sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi kún, àwọn ọlọ́kọ̀ dé, wọ́n ní àwọn ti wá gbé mọ́tò. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni kí àwọn padà wá, mo ní mi ò tíì mọ̀.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ń kí ọ, pé mi ò kì í gbá ibi tí mo bá ti bó àgbọn. Ó ní kí n kọ ọ́ náà pé ariwo mi ń lé ẹja. Mo ní kí ló dé tí màá fi ọwọ́ mi kọ irú ìyẹn, ó ní kí n kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.

Lánàá, àdá tí Sewanu fi ń la àgbọn sọnù. Wọ́n wá a nínú ilé, wọ́n wá a lẹ́yìnkùlé. Mo gbé ojú sókè, mo rí i pé èmi ni gbogbo agboolé ń wò. Èmi ni àjèjì níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn, ọmọ mi, ká má mú nǹkan kan, ká sì tún máa fi ọwọ́ ẹni pamọ́. Ìyá rẹ ń lọ ata lórí ọlọ. Kò gbé orí sókè, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ọkọ mi kì í jalè.” Ó sì ń lọ ata rẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ,
Àbdùlgàfár.